Kọ́kọ́rọ́ Méjì Ló Ń Ṣí Ṣéèfù: Ọ̀rọ̀ Lórí Kábéèjì, Ẹ̀kuyá àti Oògùn Inú Ìgò

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Àgídìngbì, Ìkẹjà)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tó bá wa bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí lónìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwa tó kù, a ó tún pàdé níbi ogún ọdún rẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí èmi sọ̀rọ̀ ìlera lọ́dún yìí, àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ni ọmọ báńkì mọ̀ nípa ewébẹ̀? Wọ́n kò parọ́. Èmi kì í ṣe dókítà, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni kí n yẹ ìwé owó wò, kí n wá ibi tí ìṣirò ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà lọ́rùn mi nínú ẹgbẹ́ yìí, òun ló jẹ́ kí n gbà láti dìde. N ó kọ́kọ́ sọ gbèsè náà, kí n tó sọ ti ewébẹ̀, nítorí ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá.

Ẹ ó rántí pé ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo mú àlejò kan wá sí ìpàdé oṣù wa. Ó wọ kóòtù, ó gbé kọ̀ǹpútà dání, ó ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri. Ó ní gbogbo agbára bróókólì àti kábéèjì ni wọ́n ti fún pọ̀ sínú ìgò kékeré tó wà lọ́wọ́ òun, ó ní antioxidant ni wọ́n ń pè é, pé hóró méjì láàárọ̀ á gbá ìdọ̀tí ara dànù, á sì mú ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti jẹjẹrẹ lọ. Ìgò kan, ₦18,500. Lẹ́yìn tó parí, èmi ni mo dìde. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mo ní oníbàárà wa ni, mo ní ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni. Mẹ́tàlélógún nínú wa ló ra ìgò kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìbejì. Ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún mẹ́fà nígbà náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn gbé oògùn dókítà sílẹ̀, ó kọjú sí ìgò. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí òun rò kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọmọ báńkì bá ti lè dìde fún un, a jẹ́ pé ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù kẹrin, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó fẹ́ gbé kọ́ọ̀bù omi, apá ọ̀tún rẹ̀ kò dìde. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó wà níbí yìí lónìí, a dúpẹ́, ọ̀pá rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ yẹn. Òun gan-an ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní bí mi ò bá sọ ọ́, òun á gba máíìkì lọ́wọ́ mi.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo lọ wò ó nílé ìwòsàn ni mo délé tí mo mú ìgò tèmi, tí mo gbé e sábẹ́ iná. Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀: wọ́n ní NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé oògùn náà ń ṣe wò. Èmi tí mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kó ka ojú ewé gbogbo kó tó buwọ́ lù ú! Mi ò kà á kí n tó dìde fún ẹni tó ń tà á.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ owó, ẹ mọ̀ pé ayédèrú náírà tó ń pani lára ni èyí tó jọ ojúlówó. Ó mú òótọ́ kan nípa bróókólì, ó fi bo irọ́ kan nípa ìgò. Òótọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí a gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀. Bí a bá bó iṣu tí a kò tètè dà á sínú omi, á máa dúdú. Bí a bá fi irin sílẹ̀ lójò, á dógùn-ún. Ọ́síjìn tó wà nínú atẹ́gùn ló ń ṣe méjèèjì. Ọ́síjìn yìí kan náà la ń mí símú, òun la fi ń dáná oúnjẹ nínú ara kí á tó lè rìn kí á tó lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí iná bá ti ń jó, ẹ̀yín iná a máa ta jáde. Ó ń ta lu ara sẹ́ẹ̀lì wa, ó ń ta lu àkọsílẹ̀ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí ara fi ń mọ bí yóò ṣe tún ara rẹ̀ ṣe. Ohunkóhun tó bá ń pa ẹ̀yín iná yẹn kó tó ba nǹkan jẹ́ ni wọ́n ń pè ní antioxidant. Kì í ṣe orúkọ oògùn kan. Iṣẹ́ ni.

Àwa tí à ń gbé Àgídìngbì, iná tiwa sì ju ti inú ara lọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, òórùn kòkó láti ilé iṣẹ́ Cadbury ló ń sọ fún wa pé ilẹ̀ ti mọ́. Òórùn yẹn dùn, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Lónìí, ẹ dúró ní òpópónà Lateef Jakande ní aago méje àárọ̀, tàbí kí ẹ gba Acme kọjá sí Ògbà, kí ẹ tún yà sí Àgége, kí ẹ wo èéfín dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń tú, kí ẹ gbọ́ jẹnẹrétọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Kẹ́míkà kan wà nínú bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní benzene. Ó wà nínú èéfín rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. À ń fà á símú bí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ fi benzene yẹn sọ́kàn, n ó padà sórí rẹ̀.

Ní 1992, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, Amẹ́ríkà, Paul Talalay, Yuesheng Zhang àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yọ èròjà kan jáde lára bróókólì, wọ́n pè é ní sulforaphane. (Ọdún méjì péré ṣáájú èyí ni Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, George Bush bàbá, sọ fún gbogbo ayé pé òun kò ní jẹ bróókólì mọ́, pé ìyá òun ló ń fipá fún òun jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dákẹ́.) Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni ọ̀nà tí èròjà yìí ń gbà ṣiṣẹ́. Fítámì C, bó bá rí ẹ̀yín iná kan, á fi ara rẹ̀ pa á, ó parí. Sulforaphane kì í bá iná jà fúnra rẹ̀. Ó ń lọ kan ilẹ̀kùn ara, ó ń jí àwọn ọlọ́dẹ tí ara ti gbà síṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń tòògbé, ó ní ẹ dìde, èéfín ti wọlé. Àwọn ọlọ́dẹ wọ̀nyí, inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n pọ̀ sí jù, àwọn ló ń so májèlé mọ́ ohun tí ara lè fi ìtọ̀ gbé jáde. Bí wọ́n bá sì ti jí, wọ́n máa ń wà lójúfò fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan báńkì nìyí. Sulforaphane kò sí nínú bróókólì tó wà lórí igbá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni èròjà kan tó wà ní títì pa, àti ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní myrosinase, tó wà ní yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní báńkì, ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣí yàrá owó. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan, nọ́ńbà àṣírí wà lórí ọ̀gá kejì. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá wá síṣẹ́, kó jẹ́ ọjọ́ owó oṣù gan-an ni, owó náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí kọ́bọ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewébẹ̀ yìí. Ọjọ́ tí ọ̀bẹ tàbí eyín bá gé e ni ògiri àárín wó, tí àwọn méjèèjì pàdé, tí èròjà náà sì jáde. Kì í ṣe nítorí tiwa ni ewébẹ̀ ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nítorí kòkòrò tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Títa tó ń ta lẹ́nu yẹn, ìlù ogun rẹ̀ ni.

Ẹ́ńsáìmù yẹn kò sì fara da iná. Bí a bá da odindi sínú omi tó ń hó, ọ̀gá kejì ti kú kó tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun wa lè ṣí díẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni.

Ẹ wá wo ìgò. Oríṣi púpọ̀ nínú àwọn hóró tí wọ́n ń tà ni wọ́n ti fi ooru àti kẹ́míkà ṣe, èròjà àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù ti kú. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon, wọ́n fi àwọn tó jẹ èhù bróókólì wé àwọn tó lo irú hóró bẹ́ẹ̀. Ìwádìí náà jáde ní 2011. Èyí tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn tó jẹ èhù fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ju ti àwọn olóògùn lọ. Ṣéèfù ni wọ́n tà fún wa ní ₦18,500, wọ́n kò fi kọ́kọ́rọ́ kejì sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bí kò tilẹ̀ ṣe oore, kò lè ṣe ibi. Àwọn tó ti ná owó ju tiwa lọ ti dán an wò. Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin amusìgá ní hóró beta-carotene, èyí tí ń mú kí kárọ́ọ̀tì pọ́n. Gbogbo àwọn tó wà nínú ìwádìí náà jẹ́ 29,133. Antioxidant ni, wọ́n rò pé yóò dín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn 18,314, wọ́n ní láti dá a dúró ní 1996 kó tó pé àsìkò, torí jẹjẹrẹ náà ti fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Èyí tó kan àwa ọkùnrin ọjọ́ orí wa jù lọ ni ti fítámì E: ọkùnrin 35,533 ni wọ́n kó jọ láti wò ó bóyá fítámì E àti selenium á dènà jẹjẹrẹ prostate. Wọ́n dá a dúró ní 2008. Ní 2011, wọ́n kéde pé àwọn tó lo fítámì E nìkan ni jẹjẹrẹ prostate fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ jù láàárín wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra fítámì E lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan nínú bọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ o. Kárọ́ọ̀tì kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Hóró tó kó ìlọ́po rẹ̀ jọ ló ṣe é.

Mo ní n ó padà sórí benzene. Ìlú kan wà ní China tó ń jẹ́ Qidong, kò jìnnà sí Shanghai, atẹ́gùn ibẹ̀ kò mọ́, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì ti ń pa wọ́n lára tipẹ́. Àwọn ará Johns Hopkins àti àwọn ará ibẹ̀ jọ fún ènìyàn 291 ní ohun mímu fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn kan mu omi ọ̀pẹ òyìnbó àti ọsàn wẹ́wẹ́ lásán, àwọn kan mu ti wọn pẹ̀lú èhù bróókólì nínú rẹ̀. Èhù ni wọ́n lò, torí wọ́n ti mọ̀ láti 1997 pé èhù ọlọ́jọ́ mẹ́ta lè ní èròjà yìí ní ìlọ́po 10 dé 100 ti bróókólì tó ti gbó. Wọ́n ń yẹ ìtọ̀ gbogbo wọn wò. Èsì jáde ní 2014: láàárín àwọn tó mu ti èhù, benzene tí ara so mọ́ra tó sì fi ìtọ̀ gbé jáde fi ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ, láti ọjọ́ kìíní dé òpin ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ọmọ báńkì ni mí, mi ò ní ka owó tí kò sí nílẹ̀: ìwádìí yìí kò sọ pé jẹjẹrẹ kò ní mú wọn. Ohun tó sọ ni pé ẹnu ọ̀nà tí èéfín fi ń jáde lára ṣí sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ẹni tó ń gbé láàárín Ògbà sí Àgége, ìyẹn tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ jẹun.

Ẹnìkan á ní, Alukoro, bróókólì dà ní Àgídìngbì? Ó wà ní àwọn ilé ìtajà ńlá, ó wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé ńlá ni bróókólì ti wá. Wọ́n ń mọ ìdílé náà nípa òdòdó rẹ̀, ewé òdòdó mẹ́rin tó tò bí àgbélébùú. Kábéèjì wà nínú ìdílé yẹn, kọ̀lífíláwà náà, mọ́sítádì pẹ̀lú. Bróókólì ló ní èyí tó ń di sulforaphane pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kábéèjì ní àwọn àbúrò rẹ̀ tó ń ṣí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì kan náà. Kábéèjì tó ń ti Jos wá kún Mílé 12. Kò sí ẹni tí kò lè rà á níbí.

Àwa Yorùbá sì ní ìbátan wọn tí a ti gbàgbé sẹ́yìn ilé: ẹ̀kuyá. Àwọn ọmọ yín lè má mọ̀ ọ́n. Ewé rẹ̀ máa ń pín sí márùn-ún bí ìka ọwọ́, òdòdó rẹ̀ funfun, òórùn rẹ̀ le, ó korò díẹ̀, ó sì ń ta. Àwọn onímọ̀ kò kà á mọ́ ìdílé kábéèjì gan-an, ìdílé tó bá a tan jù lọ ni wọ́n fi í sí, ṣùgbọ́n irú èròjà títì pa kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ìyá mi máa ń ká a lẹ́yìn ilé wa nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé ní àdúgbò yìí, a máa ń sá fún un, a ó ní ó korò. Ní Kenya, wọn kò sá fún un, ó wà lórí igbá ní Nairobi, àwọn ilé ìtajà ńlá ń tà á. Ní Benin, nítòsí wa níbí, àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ní Yunifásítì Abomey-Calavi ti ń ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn rẹ̀ kó lè dára sí i fún àgbẹ̀. Ohun tí a sọ di koríko, ẹlòmíràn ń fi ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé. Ìbẹ́pẹ náà ò jìnnà sí wọn o: bí ẹ bá ti fi eyín fọ́ kóró rẹ̀ rí tó ta yín lẹ́nu bí ata, irú èròjà bẹ́ẹ̀ náà ni. Ewúro ní tirẹ̀ korò lọ́nà mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ìkorò ló ń ti ilé kan náà wá.

Àwọn ìwádìí tí mo kà lókè yẹn, bróókólì ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ẹ̀kuyá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnìkan wá fi orúkọ ọ̀kan gba owó ọ̀kan lọ́wọ́ yín lọ́la, kó di ẹ̀kuyá inú ìgò. Ẹ̀fọ́ ni ẹ jẹ ẹ́ bí. Ẹ má sì ká èyí tó hù létí títì tàbí lójú àgbàrá nítòsí ilé iṣẹ́; ohun tí ilẹ̀ bá mu ni ewé ń mu. Ẹ gbìn ín sínú àpò tàbí ike lẹ́yìn ilé, kì í pẹ́ hù.

Nísinsìnyí, ọ̀bẹ àti ìkòkò. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyí: a ń bọ ẹ̀fọ́, a ń fi kán-ún sí i kó lè máa tutù lójú, a ń fún un, a ń da omi rẹ̀ nù, a tún wá dà á sínú ọbẹ̀ kó jiná lẹ́ẹ̀kejì. Kán-ún ń pa fítámì C. Ní Yunifásítì Warwick ní ìlú Ọba, wọ́n se àwọn ẹ̀fọ́ ìdílé yìí nínú omi fún 30 ìṣẹ́jú, wọ́n sì wọn ohun tó kù. Ìwádìí náà jáde ní 2007. Bróókólì pàdánù ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èròjà wọ̀nyí, kábéèjì pàdánù ìdá 65. Inú omi tí à ń dà sí kòtò ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n fi ooru omi lásán sè, tàbí tí wọ́n yí nínú epo díẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò pàdánù ohun tó ṣeé kà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gé e, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró. Bí 40 ìṣẹ́jú, kí ẹ máa gún ata, kí ẹ máa ṣa ẹran. Láàárín àsìkò yẹn, àwọn ọ̀gá méjèèjì ti pàdé, owó ti jáde, ohun tó ti jáde kò sì nílò kọ́kọ́rọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dà á sínú ọbẹ̀ nígbẹ̀yìn, kó má pẹ́ lórí iná. Ẹni tí ẹ̀fọ́ rẹ̀ ti jiná tẹ́lẹ̀ lè bu mọ́sítádì lílọ̀ díẹ̀ lé e, torí ẹ́ńsáìmù kan náà wà láàyè nínú kóró mọ́sítádì. Ní Yunifásítì Reading, wọ́n dán èyí wò lára ènìyàn 12, ìwé rẹ̀ jáde ní 2018: èyí tó wọ ara wọn lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti bróókólì sísè lásán. Ènìyàn 12 kò pọ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tó ṣíwájú lórí ìwé náà ni Okunade, ẹ̀yin náà mọ ibi tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, inú mi dùn nígbà tí mo rí i.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni sàláàdì òde àríyá wa. Gbogbo ìnáwó tí a ti ṣe ní ọdún mẹ́wàá yìí, kábéèjì gígé tútù wà lórí àwo, ọ̀bẹ ti ṣí ṣéèfù rẹ̀ láti àárọ̀, àwa ọkùnrin á fi fọ́ọ̀kì gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ká lè rí ẹran. Lẹ́yìn oṣù kan, a tún lọ ra ìgò. Kí ẹ sáà fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ ya ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí aràn àti ìgbẹ́ gbuuru kò mọ antioxidant.

Ó kù méjì tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má dì, tí wọ́n ń pè ní warfarin, fítámì K inú kábéèjì àti ẹ̀fọ́ tútù lè dín agbára oògùn náà kù. Kò ní kó má jẹ ẹ̀fọ́, kó máa jẹ ìwọ̀n kan náà, kó sì sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó pọ̀ ọ́n sí i. Èkejì ni gẹ̀gẹ̀. Ní 1928, ní Johns Hopkins yìí kan náà, àwọn ehoro tí wọ́n ń fi kábéèjì nìkan bọ́ yọ gẹ̀gẹ̀. Àwa kì í jẹ kábéèjì nìkan, iyọ̀ wa sì ní áyódíìnì nínú láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní àrùn gẹ̀gẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó bi dókítà léèrè. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò ní sọ púpọ̀, ẹ ti rí ọ̀pá Bàbá Ìbejì. Kò sí ewébẹ̀ kankan ní ayé yìí, ẹ̀kuyá o, bróókólì o, tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ gbé oògùn yẹn sílẹ̀.

Ó ku gbèsè mi. Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ yẹn, ọkùnrin onígò fún mi ní ₦40,000, ó pè é ní owó ọkọ̀. Mo gbà á. Àwọn kan nínú yín kò mọ̀, ẹ mọ̀ báyìí. Mo ti kó o fún akápò wa. Owó ìgò mẹ́tàlélógún jẹ́ ₦425,500, ìgò kan nínú rẹ̀ jẹ́ tèmi. Ìyókù jẹ́ ₦407,000. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ènìyàn mẹ́sàn-án ti gba tirẹ̀, orúkọ àwọn tó kù wà lọ́wọ́ akápò pẹ̀lú ọjọ́ tí olúkúlùkù yóò gba tirẹ̀. Mo mọ̀ pé owó kò lè gbé apá ènìyàn sókè.

Bàbá Ìbejì kò gba tirẹ̀. Ó ní kí n fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹgbẹ́, kí n fi owó mi kún un bí kò bá tó. Kò tó, mo fi kún un. Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí ẹ kọ orúkọ yín sí, nọ́ọ̀sì kan wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí kò tíì wọn tirẹ̀, àlejò tàbí ọmọ ẹgbẹ́, kó yà síbẹ̀ kó tó lọ sídìí ìrẹsì.